Bí a ṣe ń ta òrùka Super Bowl ní gbànjo kí owó rẹ̀ lè pé

Agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ẹni tó fẹ́ ta òrùka tí wọ́n fún un nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá ọdọọdún NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Mo sì kọ ọ́ fún ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò tí irú òrùka bẹ́ẹ̀ ti di ogún sí lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí Kanu àti Okocha gbá o. Èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré ni, tí àwọn géńdé ń tìtorí rẹ̀ kọlu ara wọn. Ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀: Obafemi Ayanbadejo àti àbúrò rẹ̀ Brendon, tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba Super Bowl pẹ̀lú Baltimore Ravens, ẹ̀gbọ́n ní sáà 2000, àbúrò ní sáà 2012. Àwọn ọmọ wa tó ń wọ NFL kò yé pọ̀ sí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ òrùka yìí máa kan ẹbí kan tàbí òmíràn láàrin wa.

Àwọn kan á ní ìtìjú ni kí ènìyàn ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó fi orúnkún àti èjìká rẹ̀ gbà á ló mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kí ènìyàn kánjú tà á ní ọ̀pọ̀ fún ẹni tó mọyì rẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn gan-an ló ń dunni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín

Bí ẹni tí wọ́n fún ní òrùka bá wà láàyè, tí kò fi í dógò níbì kan, tí kò sì sí ẹjọ́ gbèsè tàbí ìkọ̀sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ìbéèrè yìí ti tán. Òun ló ni ín, ó lè tà á. Bí bàbá bá ti fa òrùka náà lé ọmọ lọ́wọ́, kí bàbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fún un, kí ó sì fọwọ́ sí i níwájú nótárì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè mú bírò. Òrùka Super Bowl XXV (25) ti Lawrence Taylor, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù New York Giants, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e wá sí ilé gbànjo SCP Auctions ní 2012. Ó ta 230,401 dọ́là. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í lọ geere bí bàbá àti ọmọ bá ń jiyàn lórí ẹni tó ni ín.

Bí olówó òrùka bá ti kú, ẹ fara balẹ̀ níbí. Nílé, ọmọkùnrin àgbà lè sọ pé òun ni dáwódù, kí ó sì kó ẹrù bàbá. Ilé gbànjo Amẹ́ríkà kò mọ dáwódù. Ìwé kóòtù tó yan alákòóso ogún ni wọ́n máa béèrè, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn nìkan ló sì lè bá wọn ṣàdéhùn. Ẹ pe ẹbí jọ kí òrùka tó kúrò nílé, kí gbogbo ẹni tó ní ìpín fọwọ́ sí i pé àwọn gbà kí a tà á, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe fẹ́ pín owó rẹ̀ síbẹ̀. Bí àbúrò kan bá ní lọ́yà kọ̀wé nígbà tí wọ́n ti kéde ọjà, wọ́n á yọ òrùka náà kúrò, àwọn olùrà ò sì ní gbàgbé.

Ẹ má gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ góòlù

Ojú àkọ́kọ́ tí ènìyàn fi ń wo òrùka yìí ni ojú góòlù àti dáyámọ́ńdì. Ó wúwo, ó ń tàn yanran, ó bo ìka mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n góòlù inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kárátì 10 tàbí 14, àwọn dáyámọ́ńdì rẹ̀ sì kéékèèké. Ẹni tó bá gbé e sórí òṣùwọ̀n máa san owó irin àti òkúta, kò ní san owó orúkọ. Orúkọ ló sì gbówó lórí.

Ẹ wo ti William Perry, ọkùnrin gbàǹgbà tí wọ́n ń pè ní Fíríìjì, tó wà nínú ẹgbẹ́ Chicago Bears tó na New England Patriots ní 46 sí 10 ní January 1986. Òun alára gbé bọ́ọ̀lù wọlé fún àmì ayò lọ́jọ́ náà. Òrùka rẹ̀ tóbi dé ìwọ̀n 25, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n bí 10 ni ìka ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Òrùka yẹn kúrò lọ́wọ́ Perry, ó sì bọ́ sórí ọjà. Ní 2011, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan fi owó tí kò tó 10,000 dọ́là rà á, ó sì dá a padà fún Perry lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2015, òrùka Perry dé ilé gbànjo Heritage Auctions, ó sì ta 203,150 dọ́là. Góòlù rẹ̀ kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i láàrin ọdún mẹ́rin yẹn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lẹ́ẹ̀kejì, ó dé iwájú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá irú rẹ̀, ní alẹ́ kan náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń pè yín lórí fóònù pé òun á san owó lọ́wọ́ lónìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ máa ronú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi nǹkan dógò. Bí owó bá ń há yín ní kíákíá, ilé gbànjo ńlá máa ń yá ènìyàn lára owó ọjà tó ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè èlé rẹ̀ kí ẹ tó gbà á.

Irú òrùka wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Nínú bọ́ọ̀lù yìí, ife tí ẹgbẹ́ gbà, ẹgbẹ́ ló ni ín. Òrùka ni ẹ̀yẹ tí kálukú ń mú relé. NFL máa ń dá sí owó òrùka bí 150, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ á fi owó ara rẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí òrùka fi wà lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, dókítà ẹgbẹ́, àti àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì. Gbogbo wọn ni òrùka tòótọ́, ṣùgbọ́n owó wọn kò dọ́gba. Òrùka agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀ ló wà lókè téńté. Ti ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tẹ̀lé e. Ti òṣìṣẹ́ ló gbẹ̀yìn. Òrùka ọdún àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan máa gba ife tún máa ń dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ nínú ju ti ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn mìíràn tó fara jọ ọ́. Àwọn àpẹẹrẹ wà tí aṣojú ilé iṣẹ́ òrùka ń gbé kiri láti fi han oníbàárà, òkúta inú wọn kì í sì í ṣe dáyámọ́ńdì. Òrùka tí wọ́n tún ṣe wà fún ẹni tí tirẹ̀ sọnù. Èyí tí agbábọ́ọ̀lù lè rà fún ẹbí náà wà, tó kéré díẹ̀ sí tirẹ̀. Ayédèrú pọ̀ bí nǹkan míì, tí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà máa ń gbà nínú ẹrù tó wá láti Ṣáínà. Ẹ má bínú bí ilé gbànjo bá fura sí tiyín ní àkọ́kọ́. Iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ sì yẹ òrùka náà wò lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Ní èjìká kan, ẹ sábà máa rí orúkọ agbábọ́ọ̀lù àti nọ́ńbà rẹ̀. Ní èjìká kejì, ọdún àti iye àmì ayò tí wọ́n fi borí. Ẹ yí i wo inú. Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú 10K tàbí 14K tó ń sọ kárátì rẹ̀. Jostens ti Minnesota ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú òrùka Super Bowl, ṣùgbọ́n Balfour, Tiffany àti àwọn míì náà ti ṣe. Etí lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ yẹ kó mú ṣáṣá. Bí orúkọ bá dà bí ohun tí wọ́n há sórí orúkọ mìíràn, tàbí tí ibì kan bá fẹ́lẹ́ ju ibòmíràn lọ, ẹ ti rí ìṣòro nìyẹn.

Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí láàrin àwọn òkúta rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má kó o sínú ọṣẹ, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ má sì gbé e lọ fún ẹni tó máa dán an. Ojú ìlò tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ìka gidi ni wọ́n fi wọ̀ ọ́, olùrà tó mọ iṣẹ́ á fẹ́ rí i.

Ẹ kó ìwé jọ kí ẹ tó kó òrùka jáde

Níbí ni èmi máa ní kí ẹ lo àkókò yín sí jù. Ìtàn kan ló fi yé mi. Patriots gba Super Bowl LI (51) ní February 2017, lẹ́yìn tí Atlanta Falcons ti kọ́kọ́ fi 28 sí 3 síwájú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe òrùka rẹ̀, wọ́n to dáyámọ́ńdì 283 sí i, kí Atlanta má bàa gbàgbé. Gbájú-ẹ̀ kan láti New Jersey ra òrùka lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀kì tí kò ní owó nínú sanwó. Ó wá fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù yẹn pe ilé iṣẹ́ òrùka, ó sì ní kí wọ́n bá òun ṣe òrùka ẹbí mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ Brady sí lára, pé ẹ̀bùn fún ẹbí Tom Brady, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Patriots, ni. Wọ́n ṣe é. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ta ní gbànjo ní 2018 ní iye tó lé ní 330,000 dọ́là. Òrùka tòótọ́ ni, ilé iṣẹ́ tòótọ́ ló ṣe é, góòlù rẹ̀ pé. Ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn ni irọ́. Ìjọba àpapọ̀ mú ọkùnrin náà, ó jẹ̀bi, kóòtù sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní 2022.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ náwó ńlá lórí òrùka á béèrè bó ṣe dé ọwọ́ yín, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di òní. Ìwé ló máa bá yín dáhùn. Ẹ wá àpótí tí òrùka wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í fún un, nítorí àpótí náà ní orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ nígbà míì. Ẹ wá lẹ́tà tí ẹgbẹ́ kọ, ìwé ìpè sí ayẹyẹ tí wọ́n ti pín òrùka, ìwé ìbánigbófò tí ẹ fi dáàbò bò ó láyé ìgbà kan. Fọ́tò agbábọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́ dára púpọ̀, pàápàá èyí tó ti pẹ́, tí ojú òrùka hàn kedere débi pé ènìyàn lè fi àmì ara rẹ̀ wé ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Bí agbábọ́ọ̀lù náà bá wà láàyè, lẹ́tà tirẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Kí ó kọ ọ́ ní gbólóhùn tó ṣe tààrà: èmi lágbájá, tí mo gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ báyìí ní sáà báyìí, gba òrùka yìí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mi, òun nìkan ni mo gbà, tàbí mo ní òmíràn tí wọ́n tún ṣe fún mi. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá fi òrùka kejì pa mọ́, tí ó sì jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹni tó ra àkọ́kọ́ á wá yín wá. Kí ó fọwọ́ sí i níwájú nótárì, kí ẹ sì ya fọ́tò òun àti lẹ́tà àti òrùka pọ̀.

Ẹ má gbàgbé àdéhùn iṣẹ́ àtijọ́. Bí ẹni tó ni òrùka bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́, kí ó yẹ ìwé tó fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n fún un wò, bóyá ó ṣèlérí pé òun ò ní tà á.

Ilé gbànjo, àti ìwé tí wọ́n máa gbé síwájú yín

Heritage ní Dallas, SCP Auctions ní California, àti Goldin ní New Jersey wà lára àwọn tó ti lu òrùka bẹ́ẹ̀ ní gbànjo. Ẹ kọ̀wé sí ilé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́: ojú òrùka, èjìká méjèèjì, àti inú rẹ̀. Ẹ béèrè òrùka mélòó ni wọ́n ti tà, kí ẹ lọ wo iye tí wọ́n tà á fúnra yín. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ iye tó ga jù kọ́ ló dára jù. Àwọn kan máa ń pariwo owó ńlá kí ẹ lè kó ọjà fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibí ni ojú ti ń dà rú. Iye tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde kì í ṣe iye tí ẹni tó ta òrùka gbà. Ẹ padà síbi 203,150 dọ́là ti Perry. Olùrà san owó àlékún lórí iye tí ó fi borí nínú gbànjo, ìdá 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá yọ àlékún yẹn, 170,000 géérégé ló kù. Àlékún jẹ́ ti ilé gbànjo. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún lè mú kọ̀míṣọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọjà wá. Bí ó bá jẹ́ ìdá 10, 17,000 ti lọ, 153,000 ló máa dé ọwọ́ yín, kí ìjọba tó dé.

Kọ̀míṣọ́ọ̀nù yìí ṣeé ná. Bí òrùka bá jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń rò, ilé gbànjo lè gbà láti má mú kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, nígbà míì wọ́n á tiẹ̀ fún yín lára owó àlékún olùrà. Ẹ ná an bí ẹni wà ní Ọjà Ọba. Wọ́n ti mọ̀ pé ènìyàn ń ná ọjà. Ẹni tí kò béèrè ni wọn kì í fún.

Ẹ wá iye tó kéré jù tí ẹ fi lè gbà kí wọ́n tà á nínú ìwé àdéhùn wọn. Bí kò bá sí, wọ́n lè ta òrùka bàbá yín ní iye kóńkóló, ẹ ò sì ní lè sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń san owó fọ́tò àti owó àyẹ̀wò, ẹni tó ń ru ewu bí òrùka bá sọnù lọ́wọ́ wọn, iye tí wọ́n máa gbà bí ẹ bá yí ọkàn padà, àti ọjọ́ mélòó lẹ́yìn gbànjo ni owó máa wọlé. Gbólóhùn kan wà tí ẹ fi ń búra pé ẹ̀yin lẹ ni ín àti pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Bí ìyẹn bá wá já sí irọ́, ẹ̀yin lẹ máa dá owó padà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka gbogbo rẹ̀; owó wákàtí kan tí ẹ máa san fún un kò tó nǹkan sí èyí tí ó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Nípa àkókò, èyí tó ṣáájú Super Bowl ní February dára, torí gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nígbà náà. Ìgbà ẹ̀rùn wọn, nígbà tí àwọn olùkójọ ohun eré ìdárayá máa ń péjọ ní àpérò ọdọọdún wọn, náà dára. Bí ẹgbẹ́ tó ni òrùka bá ń ṣe dáadáa lọ́dún náà, ẹ má jẹ́ kó tutù.

Gbígbé e lọ

Bí ẹ bá lè gbé e lọ fúnra yín, ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n gbà á. Bí kò bá ṣeé ṣe, Registered Mail ti ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń dáàbò bo ohun tó tó 50,000 dọ́là. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ilé gbànjo fi ìbánigbófò tiwọn gbé e. Ẹ má kọ òrùka tàbí Super Bowl sí ara àpótí. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ tó dì í.

Alẹ́ gbànjo

Ní ọ̀pọ̀ gbànjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, àsìkò kan wà tí ẹni tí kò tíì fi owó lé e kò lè wọlé mọ́. Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí ẹnìkan bá fi owó kún un, aago á tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè di òru kí ó tó parí. Ẹ jókòó, ẹ wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án: ẹ má fi owó lé òrùka yín, ẹ má sì ní kí ọ̀rẹ́ bá yín fi lé e kí iye rẹ̀ lè gòkè. Ìwà ọ̀daràn ni. Bill Mastro, tó jẹ́ ọ̀gá ilé gbànjo ńlá kan ní Illinois, jẹ́wọ́ ní kóòtù ní 2013 pé àwọn máa ń fi irọ́ gbé owó gòkè, ó sì gba ẹ̀wọ̀n oṣù 20 ní 2015.

Owó àti ìjọba

Ẹ pe oníṣirò owó kí ẹ tó tà á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń ka irú òrùka yìí mọ́ ohun tí ènìyàn ń kó jọ, owó orí lórí èrè rẹ̀ sì lè dé ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún bí ó bá ti lé ní ọdún kan lọ́wọ́ yín. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin ọmọ tó jogún òrùka àti ọmọ tí bàbá fún nígbà ayé rẹ̀. Fún ẹni tó jogún, iye tí òrùka tó lọ́jọ́ tí bàbá kú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò èrè. Fún ẹni tí bàbá fún, iye tó wà lọ́wọ́ bàbá ni. Ẹ̀yin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún, ẹ tètè wá ẹni tó ń díye lé irú ọjà bẹ́ẹ̀ kí ó kọ ìwé fún yín, torí bí ọdún bá ti gorí ọdún, á ṣòro láti fi hàn pé iye báyìí ló tó lọ́jọ́ yẹn.

Bí òrùka kò bá tà nítorí pé kò dé iye tí ẹ dá, ẹ má gbé e lọ sí ilé mìíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn tó ń ra òrùka kò pọ̀, wọ́n sì mọ ara wọn. Gbogbo wọn ti rí i pé kò tà. Ẹ gbé e padà sílé fún ọdún kan, ẹ wá ìwé kún ìwé tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì tún iye tí ẹ dá wò.